"Mo Mọ́" Kì Í Ṣe Èsì Àyẹ̀wò



Gbólóhùn kan ti di àṣà lórí àwọn áàpù tí àwọn ọ̀dọ́ fi ń wá ọ̀rẹ́ àìpẹ́. Ẹni tó ń júwe ara rẹ̀ yóò kọ iṣẹ́ rẹ̀, yóò kọ bí ó ṣe ga tó, yóò sì fi kún un pé, "Mo mọ́." Àwọn kan láàrin àwa onísẹ̀ṣe tún ń gbé e gba ọ̀nà tiwa: "Ọmọ awo ni mí, mo ní ààbò." Ní tèmi, gbólóhùn méjèèjì kò yẹ ọmọlúàbí, ìmọ̀ ẹ̀dá-èdè àti ẹ̀kọ́ Ifá ni n ó sì fi ṣàlàyé ìdí rẹ̀.

Yorùbá kì í sábà dárúkọ ohun ẹ̀rù lásán. Ilẹ̀ gbígbóná ni àwọn bàbá wa ń pe ṣọ̀pọ̀nná. Àwọn mìíràn ń pè é ní Olóde. Ṣùgbọ́n àgbàlagbà tó bá gbọ́ "ilẹ̀ gbígbóná" mọ ohun tí a ń wí, yóò sì tètè tọ́jú ọmọ rẹ̀. Àdàpè rere ń fi ọ̀wọ̀ bo ọ̀rọ̀, síbẹ̀ ẹni tó yẹ kó mọ̀ yóò mọ̀. Àdàpè mìíràn wà tí àwọn àgbà ń bú: àdàpè olè ni ń jẹ́ "ọmọ mi ń fẹ́wọ́." Ìdí èyí ni "mo mọ́" jókòó sí. Kò sọ àyẹ̀wò tí a ṣe, kò sọ ọjọ́ tí a ṣe é, ó sì ti sọ ẹlòmíràn di ẹlẹ́gbin. Bí ẹni tí kò ní àrùn bá jẹ́ ẹni mímọ́, kí ni a ó pe ẹni tó ní in?

Ara tí kò dun ni kò tó ẹ̀rí. Ọ̀pọ̀ obìnrin tó ní àtọ̀sí kì í rí àmì kankan. Mẹ́dọ̀wú B lè wà lára ènìyàn fún ọ̀pọ̀ ọdún láìfura. Bí ẹnì kan bá ṣẹ̀ṣẹ̀ kó HIV, àyẹ̀wò mìíràn lè má rí i títí di nǹkan bí 90 ọjọ́. Ní ìdàkejì, ẹni tó ní HIV tó ń lo oògùn rẹ̀ déédéé, tí kòkòrò náà ti dín kù nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ débi pé àyẹ̀wò kò rí i mọ́, kì í fi ìbálòpọ̀ kó o ran ẹnikẹ́ni. Ìwádìí PARTNER, tí àbájáde rẹ̀ jáde ní 2016 àti 2019, tẹ̀lé ọ̀pọ̀ olólùfẹ́ méjì-méjì tí ọ̀kan ní in tí èkejì kò ní; kò rí ẹyọ ẹnì kan tó kó o lára olólùfẹ́ tí oògùn ti ṣiṣẹ́ lára rẹ̀ báyìí. Orúkọ náà "kògbóògùn" ti di àṣìpè. Ẹni tó sọ pé òun ń lo oògùn lè má léwu tó ẹni tó kọ "mo mọ́" tí kò ṣe àyẹ̀wò rí.

Láyé àtijọ́, alárenà ló ń ṣèwádìí bóyá ẹ̀tẹ̀ tàbí wárápá wà nínú ìdílé. Lórí áàpù, ìwọ ni alárenà ara rẹ. Kí ẹnikẹ́ni má sì sọ pé ọ̀dọ́ wa kò lè sọ̀rọ̀ ìlera ní gbangba: ọ̀pọ̀ ló ń kọ jẹ́nótáìpù wọn láìtijú, AA tàbí AS, nítorí a ti sọ ọ́ di ìbéèrè tí kò ní ẹ̀gàn nínú.

Ṣé kí ẹni tó ní HIV wá kọ ọ́ síbi tí gbogbo ayé ti lè rí i ni? Rárá o. Ní 2018, ó hàn pé áàpù Grindr ń jẹ́ kí ilé-iṣẹ́ méjì mìíràn rí ipò HIV tí àwọn oníbàárà rẹ̀ kọ sílẹ̀. Ní Nàìjíríà, òfin ọdún 2014 ta ko yíya ẹni tó ní HIV sọ́tọ̀, ṣùgbọ́n òfin kò lè pa ẹnu aládùúgbò mọ́. Awo kọ́ ni irọ́. Babaláwo kì í tú àṣírí ẹni tó wá dífá, síbẹ̀ kò gbọdọ̀ purọ́ fún un. Bákan náà, o lè fi àyè náà sílẹ̀ lófìfo. Ohun tí o kò gbọdọ̀ ṣe ni kí o fi irọ́ dí i. Kí aṣọ tó kúrò lára, kí ẹni tí ẹ fẹ́ jọ wà ti gbọ́ òtítọ́ lẹ́nu rẹ.

Ní ti "mo ní ààbò," mo bọ̀wọ̀ fún Ọ̀sanyìn, mo sì ń rúbọ. Ṣùgbọ́n ẹbọ kì í gba iṣẹ́ àyẹ̀wò ṣe. Ẹni tó kọ "ọmọ awo" sí ojú ìwé rẹ̀ ti fi gbogbo wa ṣe onídùúró. Bí ó bá purọ́, ọ̀dọ̀ Ifá ni wọn yóò ti wá gba gbèsè.

Ohun tó yẹ kí a máa kọ kò le: "Mo ṣe àyẹ̀wò HIV, mẹ́dọ̀wú B àti àtọ̀sí ní oṣù Ẹ̀bìbí. Mo ń lo rọ́bà. Bi mí ní ohun tó o bá fẹ́ mọ̀, èmi náà yóò bi ọ́." Òtítọ́ dọ́jà, ó kùtà, owó lọ́wọ́ la fi ń ra èké. Àwa tí a ń fi Ifá ṣe atọ́nà ló yẹ kó kọ́kọ́ ná òtítọ́ náà lọ́jà.