Ohùn Kò Lè Tẹ Bíréèkì

Ọ̀rọ̀ ẹnu ti ṣe iṣẹ́ ribiribi lójú ọ̀nà irin. Ní Amẹ́ríkà, adarí a máa fi rédíò pàṣẹ ibi tí ọkọ̀ lè rìn dé. Òṣìṣẹ́ inú ọkọ̀ a kọ ọ́ sílẹ̀, a sì tún un kà padà, kí àṣìgbọ́ má baà wà. Ọgbọ́n ni èyí. Ṣùgbọ́n ó ha tó bí?

Ní ọjọ́ 12 oṣù kẹsàn-án ọdún 2008, ní Chatsworth ní California, awakọ̀ ojú irin kan tẹjú mọ́ fóònù rẹ̀, ó kọjá iná pupa, ó sì kọlu ọkọ̀ ẹrù tí ń bọ̀. Ènìyàn 25 kú. Kò sí ohùn tí ó dé etí rẹ̀ lásìkò.

Ní ọdún náà gan-an ni òfin pàṣẹ ẹ̀rọ tí ń fi rédíò gba ìsọfúnni láìsí ọ̀rọ̀ ẹnu: bí awakọ̀ bá fẹ́ kọjá ààlà, ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ a dá ọkọ̀ dúró. Òpin ọdún 2020 ni wọ́n tó parí rẹ̀ lójú àwọn ọ̀nà tí òfin náà kàn.

Ní tèmi, ẹ̀rọ ni kí ó máa ṣọ́ ààlà. Ohùn ni kí ó máa ṣàlàyé, kí ó sì gba iṣẹ́ ní ọjọ́ tí ẹ̀rọ bá dákẹ́. Ọwọ́ kan kò gbé ẹrù dé orí.