Òfin Ní Kí Wọ́n Máa Gbé Láàárín Ìlú, Ta Ni Yóò San Owó Ilé?

Ní ọjọ́ 22 oṣù Kẹfà ọdún 1999, Ilé-ẹjọ́ Gíga Jùlọ ní Amẹ́ríkà dá ẹjọ́ àwọn obìnrin méjì kan láti ìpínlẹ̀ Georgia. Lois Curtis àti Elaine Wilson lorúkọ wọn. Àwọn méjèèjì ní ìpèníjà ìdàgbàsókè ọpọlọ, àárẹ̀ ọpọlọ sì tún ń bá wọn jà. Àwọn dókítà ilé ìwòsàn ìjọba tí wọ́n wà ní Atlanta ti sọ pé wọ́n lè máa gbé láàárín ìlú bí wọ́n bá rí ẹni ràn wọ́n lọ́wọ́, síbẹ̀ wọ́n tì wọ́n mọ́bẹ̀ fún ìgbà pípẹ́. Adájọ́ mẹ́fà nínú mẹ́sàn-án dá wọn láre. Ohun tí Adájọ́ Ruth Bader Ginsburg kọ sínú ìdájọ́ náà ni pé bí ìjọba bá ń há akàndá ẹ̀dá mọ́ ilé ìtọ́jú láìnídìí, ó ń ṣe ẹ̀tanú tí òfin ọdún 1990 lórí ẹ̀tọ́ àwọn akàndá kà léèwọ̀. Curtis di ayàwòrán; ní 2011, ó gbé àwòrán tó fọwọ́ ara rẹ̀ yà lọ fún Ààrẹ Obama ní White House.

Ìdájọ́ tó dára ni. Ṣùgbọ́n ẹnu dùn-ún ròfọ́. Owó ni wọ́n fi ń gba yàrá. Lẹ́yìn ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n ó lé, owó ilé gan-an ló ṣì ń dá àwọn tó ní ìpèníjà ìdàgbàsókè dúró lẹ́nu ọ̀nà, òun náà ló sì yẹ kí àwọn tó ń jà fún wọn tẹnu mọ́ jù.

Medicaid, ètò ìlera tí ìjọba àpapọ̀ àti ti ìpínlẹ̀ jọ ń náwó sí, ló ń gbé èyí tó pọ̀ jù nínú ìtọ́jú wọn. Bí ẹnì kan bá wà ní ilé ìtọ́jú ńlá, Medicaid ń san gbogbo rẹ̀ pọ̀: ibùsùn, oúnjẹ, iná, omi. Láti 1981 ni òfin ti gba àwọn ìpínlẹ̀ láyè láti fi owó Medicaid tọ́jú irú ẹni bẹ́ẹ̀ nílé tirẹ̀, kí wọ́n fi san owó ẹni tó ń bá a wẹ̀, ẹni tó ń kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń wọ bọ́ọ̀sì, ẹni tó ń tẹ̀ lé e dé ibi iṣẹ́. Ṣùgbọ́n kò gbà kí wọ́n fi san owó ilé tàbí owó oúnjẹ rẹ̀. Ìyẹn ni pé ìjọba múra tán láti sanwó òrùlé bí wọ́n bá kó ènìyàn pamọ́. Bí onítọ̀hún bá fẹ́ ní aládùúgbò, kó lọ wá owó náà fúnra rẹ̀. Nínú gbogbo ohun tó wọ́ nínú ètò yìí, kò sí èyí tó burú tó o.

Níbo ni yóò ti wá a? SSI, owó oṣooṣù tí ìjọba àpapọ̀ ń fún akàndá tí kò rí já jẹ, ni ọ̀pọ̀ nínú wọn gbójú lé. Ní 2025, dọ́là 967 lóṣù ni fún ẹni tó dá wà. Àjọ Technical Assistance Collaborative ti ń fi owó yìí wé owó ilé láti ìpínlẹ̀ dé ìpínlẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, ibì kan náà ni ìṣirò wọn sì ń já sí: kò sí àgbègbè kankan ní Amẹ́ríkà tí ẹni tí kò ní ju SSI lọ ti lè gba yàrá tó bójú mu láìrí ìrànwọ́. Kò tún gbọ́dọ̀ tọ́jú owó pamọ́, torí bí ohun tí wọ́n ń kà mọ́ ọn lọ́wọ́ bá ti kọjá dọ́là 2,000, SSI dúró nìyẹn. Láti 1989 ni iye yẹn ti wà bẹ́ẹ̀.

Ọ̀dọ̀ òbí ni ọ̀pọ̀ wọn wá ń gbé, títí irun orí àwọn náà fi ń funfun. Àwọn ọmọ Yorùbá tó ń ṣiṣẹ́ ìtọ́jú ní Houston àti Maryland, wọn ò sì kéré, mọ ohun tó máa ń ṣẹlẹ̀ bí ìyá bá kú: ibi tí ibùsùn bá ti ṣófo ni wọ́n ń gbé ọmọ lọ, ìbáà jẹ́ ìlú tí kò ti mọ ẹnikẹ́ni.

Ètò kan wà tí wọ́n dìídì ṣe fún ìṣòro yìí. Section 811 ni wọ́n ń pè é, òfin mìíràn tó jáde ní 1990 ló dá a sílẹ̀, lábẹ́ HUD, iléeṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ilé gbígbé. Ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún owó tó ń wọlé fún ayálégbé ni yóò san, ìjọba a san ìyókù. Ní oṣù Kìíní 2011, Obama buwọ́ lu àtúnṣe kan tó mú un sunwọ̀n sí i: ó dá ọ̀nà tuntun kan sílẹ̀ láti máa san owó ilé fún wọn nínú ilé alájàpọ̀ tí gbogbo ayé ń gbé, ó sì pàṣẹ pé yàrá tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún akàndá níbẹ̀ kò gbọ́dọ̀ ju ìdá kan nínú mẹ́rin lọ. Báyìí ni ètò náà ṣe yẹra fún kíkó wọn jọ sójú kan. Àmọ́ lẹ́yìn àtúnṣe yẹn, ọdún bíi mélòó kan kọjá tí Kọ́ńgírẹ́ẹ̀sì kò fi owó sílẹ̀ fún kíkọ́ ilé tuntun lábẹ́ rẹ̀. Ní 2025, ìjọba Trump dábàá pé kí wọ́n da owó rẹ̀ pọ̀ mọ́ ti àwọn ètò ìrànwọ́ owó ilé yòókù, kí wọ́n gé gbogbo rẹ̀ kù, kí wọ́n sì pín in fún àwọn ìpínlẹ̀. Ibi tí wọ́n bá ti da owó àwọn aláìní pọ̀ bẹ́ẹ̀, ẹni tí kò lè pariwo fún ara rẹ̀ ló máa ń kẹ́yìn.

Àwọn òbí kan wà tí wọ́n ní ilé ńlá tó ní ọgbà àti ẹ̀ṣọ́ ló fọkàn àwọn balẹ̀ jù. Ìbẹ̀rù wọn kì í ṣe àsọdùn, ó sì yẹ ká bọ̀wọ̀ fún un. Ṣùgbọ́n irú ilé ìtọ́jú ńlá bẹ́ẹ̀ ni Willowbrook ní New York; ènìyàn 4,000 ni wọ́n kọ́ ọ fún, ó ti ní ju 6,000 nínú nígbà tó fi máa di 1965, nínú ìhòòhò àti ìdọ̀tí. 1987 ni wọ́n tó tì í pátápátá. Ibi tí ojú ará ìlú kò dé ni irú ìyà bẹ́ẹ̀ ti ń gbilẹ̀. Ní ti àwọn aládùúgbò tí kò fẹ́ kí akàndá wá gbé nítòsí àwọn, Ilé-ẹjọ́ Gíga Jùlọ ti dá wọn lóhùn láti 1985, nígbà tí ìlú Cleburne ní Texas kọ̀ láti fún ilé kan tí mẹ́tàlá nínú irú wọn fẹ́ máa gbé níwèé àṣẹ. Ilé-ẹjọ́ ní ẹ̀tanú lásán ni.

Ohun tó kù ni owó, ọ̀nà rẹ̀ sì ṣe kedere. Kí Kọ́ńgírẹ́ẹ̀sì fi kún owó Section 811 lọ́dọọdún, fún kíkọ́ ilé àti fún sísan owó ilé, kó má sì jẹ́ kí wọ́n dà á pọ̀ mọ́ òmíràn. Kí ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan náà ya owó ilé tirẹ̀ sọ́tọ̀ fún gbogbo ẹni tí Medicaid bá ti gbà láti tọ́jú nílé, kí ìtọ́jú àti yàrá lè bọ́ sọ́wọ́ onítọ̀hún pa pọ̀. Ọjọ́ kìíní oṣù Kẹwàá ni ọdún ìnáwó ìjọba àpapọ̀ ń bẹ̀rẹ̀. Ṣáájú ìgbà náà, láàárín ẹ̀ẹ̀rùn wọn lọ́hùn-ún, ni àwọn ìgbìmọ̀ aṣòfin sábà máa ń jókòó lórí owó HUD. Ìgbà yẹn ni ó yẹ kí lẹ́tà àwọn òbí, ti àwọn òṣìṣẹ́ ìtọ́jú, àti ti àwọn tó fẹ́ ilé náà fúnra wọn ti wà lórí tábìlì wọn.