Àṣírí ogun kì í ṣe àṣírí owó

Ọ̀rọ̀ owó àwọn ológun ni mo fẹ́ bá yín sọ lónìí. Ẹnì kan lè ní, "Kí ló kan àgbẹ̀ oníkajú nínú owó ìbọn?" Ó kàn wá gan-an. Ọ̀nà ńlá tó gba àárín Savalou àti Bantè kọjá, òun náà ló lọ sí Djougou títí dé Atacora, níbi tí àwọn sójà wa ti ń ṣọ́ ààlà. Owó tí ìjọba fi ń bọ́ wọn, tó fi ń ra ìbọn àti bàtà fún wọn, ọwọ́ wa ló ti ń jáde. Ọ̀pọ̀ ọjà tí à ń rà ni TVA 18 nínú 100 wà lórí rẹ̀, kódà bí ẹni tó ń rà á kò bá mọ̀.

Láti oṣù kìíní ọdún 2022 ni ìjọba ti kó bíi 3,000 sójà lọ sí àríwá nínú iṣẹ́ tí wọ́n pè ní Mirador, kí wọ́n lè dènà àwọn agbésùnmọ̀mí. Ní ọjọ́ 17 oṣù kẹrin ọdún 2025, sójà 54 ló kú lọ́jọ́ kan ṣoṣo ní Alibori, gẹ́gẹ́ bí ìjọba fúnra rẹ̀ ṣe sọ. Ọmọ ẹnì kan ni ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní ó yẹ ká mọ bí wọ́n ṣe ń ná owó ààbò.

Ẹ jẹ́ ká wo ilé aládùúgbò wa, Niger, tí odò Ọya là wá láàárín. Ní ọjọ́ 10 oṣù kejìlá ọdún 2019, àwọn agbésùnmọ̀mí pa sójà 71 ní Inates. Ní ọjọ́ 9 oṣù kìíní ọdún 2020, wọ́n tún pa 89 ní Chinagodrar. Ìlú ṣì ń ṣọ̀fọ̀ nígbà tí ìròyìn jáde pé àwọn tó yẹ ìwé owó ilé-iṣẹ́ ètò ààbò wò ti rí i pé ó kéré tán, bílíọ̀nù 76 fáráǹkì sefa ló ti bá ọ̀nà ẹ̀bùrú lọ.

Báwo ni wọ́n ṣe ṣe é? Wọ́n ra àwọn ohun kan ju iye wọn lọ. Wọ́n sanwó ohun mìíràn tí kò dé rárá. Hẹlikọ́pítà méjì tí wọ́n rà lọ́wọ́ Rọ́ṣíà ná wọn ní mílíọ̀nù 54.8 dọ́là, àwọn olùyẹ̀wò sì ní ó fi bíi mílíọ̀nù 19.7 dọ́là ju iye tó yẹ lọ. Bí iṣẹ́ bá jáde, àwọn ilé-iṣẹ́ á wá bí ẹni pé wọ́n ń bá ara wọn du ú, bẹ́ẹ̀ ọwọ́ kan náà ló wà lẹ́yìn wọn. Ẹ̀yin ọlọ́jà mọ irú èyí: oníbàárà rò pé òun ti ná ọjà dé ìsọ̀ mẹ́ta, kò mọ̀ pé ilé kan náà ló ni ìsọ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Àwọn ẹgbẹ́ ará ìlú ló dìde. Moussa Tchangari, olórí ẹgbẹ́ Alternative Espaces Citoyens, Maïkoul Zodi àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ní kí ọ̀rọ̀ náà dé kóòtù. Ní ọjọ́ 15 oṣù kẹta ọdún 2020, wọ́n pe àwọn èèyàn jáde ní Niamey. Ìjọba ti fòfin de ìpéjọ nítorí àrùn Kòrónà, ló bá kó wọn. Àwọn kan nínú wọn lo ju oṣù mẹ́fà lọ ní àtìmọ́lé. Ẹni tó béèrè owó ló kọ́kọ́ rí ẹ̀wọ̀n.

Ní oṣù keje ọdún 2023, àwọn ológun gbàjọba, wọ́n ní ètò ààbò tó mẹ́hẹ wà lára ohun tó fà á. Ṣé wọ́n wá ṣí ìwé owó sílẹ̀ ni? Rárá. Ní ọjọ́ 23 oṣù kejì ọdún 2024, wọ́n gbé àṣẹ jáde tó yọ ọjà tí wọ́n ń rà fún ètò ààbò kúrò lábẹ́ òfin tó ń darí bí ìjọba ṣe ń rajà àti bó ṣe ń ṣírò owó. Ní ọjọ́ 3 oṣù kejìlá ọdún náà, wọ́n tún mú Tchangari. Kí èyí yé wa: pípààrọ̀ ẹni tó wà lórí àga nìkan kò tó. Bí kò bá sí ẹni tó lè béèrè ìṣirò, ẹni tuntun á tẹ̀ lé ipa ẹni àtijọ́.

Ní Nàìjíríà náà, ẹgbẹ́ CISLAC àti Transparency International gbé ìwé jáde ní ọdún 2018 lórí owó ààbò tí àwọn aláṣẹ ń ná láì jíhìn fún ẹnikẹ́ni. Wọ́n ní ó ju mílíọ̀nù 670 dọ́là lọ lọ́dún. Àwọn ẹgbẹ́ yìí kò gbé ìbọn. Ìwé ìṣúná ni wọ́n ń kà, wọ́n sì ń béèrè ohun tí kò yé wọn.

Àwọn kan á ní ọ̀rọ̀ ológun kì í ṣe ohun tí à ń sọ ní gbangba. Òótọ́ wà níbẹ̀, àmọ́ kì í ṣe gbogbo rẹ̀. Bí abúlé kan bá dáwó fún àwọn ọdẹ kí wọ́n lè ṣọ́ oko, a kì í béèrè igbó tí ọdẹ máa lúgọ sí, torí olè lè gbọ́. Ṣùgbọ́n tí akápò bá ní òun ra ètù, ó gbọ́dọ̀ sọ iye tó rà á, kó sì fi ètù náà hàn. Bó bá ní àṣírí ni, ṣé a óò tún dáwó lọ́dún tó ń bọ̀?

N kò sọ pé ẹnikẹ́ni ní Bẹ̀nẹ̀ jí owó sójà. Ohun tí mò ń sọ ni pé kí á má dúró di ìgbà tí òkú bá sùn ká tó béèrè. Òfin ńlá ilẹ̀ wa ti ọdún 1990, ní orí 37, sọ pé ohun ìní ìlú jẹ́ ohun ọ̀wọ̀, ó sì pa á láṣẹ fún gbogbo ọmọ Bẹ̀nẹ̀ láti dáàbò bò ó. A ní ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin, a ní Cour des comptes. Iṣẹ́ wọn ni láti wo ìwé owó tí àwa kò lè rí, kí wọ́n sì sọ fún wa, ní èdè tí a gbọ́, bóyá ohun tí a sanwó rẹ̀ dé ọwọ́ ọmọ tó wà lójú ogun, àti bóyá ẹ̀tọ́ ẹni tó kú dé ọwọ́ ìyàwó àti ọmọ rẹ̀. Kí wọ́n sì jẹ́ kí ẹni tó bá béèrè sùn nílé rẹ̀.

Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Bí méèrì bá pe ìjókòó ìjíhìn, ẹ lọ, kí ìbéèrè lè mọ́ wa lẹ́nu. Bí aṣòfin bá sì wá kí wa ní Bantè tàbí Savalou, ẹ kí i káàbọ̀, ẹ fún un lómi mu, kí ẹ wá bi í pé: "Ẹ̀yin tẹ́ ẹ dìbò sí owó sójà, ǹjẹ́ ẹ yẹ̀ ẹ́ wò bí wọ́n ṣe ná an? Kí lẹ rí?"