A Kì í Sáré Nínú Ẹ̀gún Lásán

Òwe tí mo fi ṣe orí ọ̀rọ̀ yìí kò ní ibi tí ó ṣókùnkùn sí ẹnikẹ́ni tí a bí sí ilé káàárọ̀-oò-jíire: a kì í sáré nínú ẹ̀gún lásán, bí a kò bá lé nǹkan, nǹkan ní ń lé ni. Ọdẹ tí ẹ bá rí tí ó ń fi ẹsẹ̀ la igbó ẹ̀gún kọjá, bí kì í bá ṣe ìgalà ni ó ń lé, a jẹ́ pé ẹfọ̀n ni ó ń lé e, ó tán. N kò ní fi àkókò òǹkàwé ṣòfò lórí ìtumọ̀ rẹ̀, nítorí pé ẹnu tí mo ti gbọ́ òwe náà láìpẹ́ yìí, àti ohun tí wọ́n fi í gbè lẹ́yìn, ni ó bí mi nínú tí mo fi mú kálàmù.

Nínú ọkọ̀ èrò ni, láti Ìbàdàn mesìọ̀gọ̀, nílé Olúyọ̀lé, sí Èkó Àkéte. A kò tíì dé Ògèrè tí ọwọ́ aago eré fi kúrò lórí 100, tí ó gun 130, tí kò sì ṣe bí ẹni pé ó fẹ́ dúró níbẹ̀. Gíláàsì fèrèsé ń gbọ̀n, ẹrù tí wọ́n kì sábẹ́ ìjókòó ń lu ara wọn, ọkọ̀ náà sì ń já sọ́tùn-ún, ó ń já sósì, láàrin àwọn tírélà tí ó kún ọ̀nà. Ìyá àgbà kan tí ó gbé ọmọ-ọmọ rẹ̀ lé ẹsẹ̀ ké pé, "Dírẹ́bà, ọmọ mi, mo bẹ̀ ọ́, rọra, ọmọ wà lẹ́sẹ̀ mi." Dírẹ́bà kò wẹ̀yìn, ó ní, "Ẹ fọkàn balẹ̀, Màmá, ọ̀nà yìí mọ̀ mí." Ìgbà náà ni arákùnrin kan tí ó wọ kóòtù, tí ó jókòó sí ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn, gbè é lẹ́yìn, ó ní, "Ẹ jẹ́ kí ó máa sáré jàre, Màmá. Ẹ̀yin àgbà náà lẹ ṣáà sọ pé a kì í sáré nínú ẹ̀gún lásán." Èrò ọkọ̀ bú sẹ́rìn-ín, ọ̀rọ̀ ìyá àgbà sì di ohun tí afẹ́fẹ́ gbé lọ.

Kò pẹ́ sí i tí àwọn ọkọ̀ tí ń bọ̀ láti Èkó ní ìhà kejì ọ̀nà bẹ̀rẹ̀ sí í tan iná iwájú wọn, tí wọ́n ń pa á, tí wọ́n tún ń tàn án. Gbogbo awakọ̀ ni ó gbọ́ èdè náà: àwọn ẹ̀ṣọ́ ojú pópó wà níwájú. Dírẹ́bà wa gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí iná, ọwọ́ aago eré sọ̀ kalẹ̀ dé 80, ọkọ̀ náà sì ń rìn pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ bí ọkọ̀ tí ó gbé ìyàwó lọ sílé ọkọ. Ó juwọ́ sí àwọn ẹ̀ṣọ́, ó kí wọn kú iṣẹ́. Nígbà tí a sì yí kọ́nà tí ojú wọn kò tó wa mọ́, ó padà sórí 130.

Ọ̀rọ̀ arákùnrin oníkóòtù náà dùn mí wọ akínyẹmí ara, nítorí pé ó mú ìbéèrè tí àwọn baba wa fi ń wádìí asáré, ó sọ ọ́ di àwáwí fún asáré. Bí àgbà bá rí ọmọ tí ó ń sáré nínú ẹ̀gún, kì í kan sáárá sí i. A nàgà wo iwájú ọmọ náà kí ó lè rí ohun tí ó ń lé, a wo ẹ̀yìn rẹ̀ kí ó lè rí ohun tí ń lé e. Bí kò bá sì rí ohun kan níwájú, tí kò rí ohun kan lẹ́yìn, yóò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ọmọ náà ti di ti adáhunṣe. Èmi ti wo iwájú àwọn asáré òpópónà wa, mo ti wo ẹ̀yìn wọn. Ìdájọ́ mi nìyí, n kò sì ní fi í pamọ́ di ìparí: eré àsápajúdé lórí ọ̀nà tí tolórí-tẹlẹ́mù jọ ń rìn, ìwà ọ̀daràn ni, ìyà tí a sì ń fi jẹ ẹni tí ó bá hù ú ní ilẹ̀ wa kò tó ohun tí ń dun ènìyàn.

Ẹ jẹ́ kí a wo ohun tí wọ́n ń lé ná. Òpópónà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn, èyí tí wọ́n ṣí ní 1978, gùn tó kìlómítà 127 àti díẹ̀. Ẹni tí ó bá fi 100 rìn ín láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin láìdúró yóò lo wákàtí kan àti nǹkan bí ìṣẹ́jú 16. Ẹni tí ó bá fi 150 rìn ín yóò lo ìṣẹ́jú 51. Ìṣẹ́jú 25 ni gbogbo ẹran tí ọdẹ yìí ń lé, sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ Berger a sì gba ẹran náà lọ́wọ́ rẹ̀ kí ó tó wọ Èkó tán, a tún gba èlé lé e. Ohun tí ó fi ń ra ìṣẹ́jú 25 yìí ni kí a fi ojú inú wò. Lórí 100, ọkọ̀ ń jẹ mítà 28 nínú ìṣẹ́jú-àáyá kan. Lórí 150, ó ń jẹ nǹkan bí mítà 42. Kí ojú tó rí màlúù tí ó ń sọdá, kí ọpọlọ tó rán ẹsẹ̀ lọ sórí bíréèkì, ìṣẹ́jú-àáyá kan ti lọ, mítà 42 ti bá a lọ, bíréèkì kò sì tíì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Bí ó bá sì bẹ̀rẹ̀, ẹ má rò pé eré tí ó fi ìlàjì lé ni yóò fi ìlàjì kún ọ̀nà tí ọkọ̀ yóò fi dúró: bí eré bá di ìlọ́po méjì, ọ̀nà tí bíréèkì nílò a di ìlọ́po mẹ́rin, eré 150 ń fẹ́ ju ìlọ́po méjì ohun tí 100 ń fẹ́ lọ. Ìyẹn pẹ̀lú táyà tí ó dára lórí ọ̀nà gbígbẹ, táyà tókúnbọ̀ sì ni ó pọ̀ jù lábẹ́ àwọn ọkọ̀ wa.

Ọ̀nà mìíràn tún wà tí asáré òpópónà fi yàtọ̀ sí asáré inú igbó. Ẹni tí ó ń sáré nínú ẹ̀gún, ẹsẹ̀ ara rẹ̀ ni ẹ̀gún ń gún. Ẹni tí ó ń sá eré àsápajúdé kó ìyá àgbà sẹ́yìn, ó kó ọmọ ọwọ́ sẹ́yìn, ọmọ ọlọ́mọ tí ń kiri omi àti gàrí ní etí ọ̀nà wà níwájú rẹ̀, kò sì sí ọ̀kan nínú wọn tí ó bá a dá ìdí eré náà. Nígbà tí ohun tí ó ń bọ̀ bá sì dé, a ó ní Ògún Lákáayé ni ó fẹ́ mu ẹ̀jẹ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má parọ́ mọ́ Ògún mọ́. Ó lé ní 5,000 ènìyàn tí àkọsílẹ̀ ìjọba ń kà sí òkú ojú pópó ní Nàìjíríà lọ́dọọdún ní àwọn ọdún àìpẹ́ yìí, àwọn ẹ̀ṣọ́ tí ń gbé òkú wọn kúrò lọ́nà kò sì yéé sọ pé eré àsápajúdé wà lára olórí ohun tí ń pa wọ́n.

Àwa kọ́ ni a kò mọ ohun tí ó yẹ. Nígbà tí ọ̀nà Ìbàdàn sí Ifẹ̀ ń gbẹ̀mí akẹ́kọ̀ọ́ àti olùkọ́, Wọlé Ṣóyínká, ọmọ bíbí Abẹ́òkúta, kò jókòó kí ó máa sunkún. Ó wà nídìí ẹgbẹ́ ẹ̀ṣọ́ ojú pópó tí a dá sílẹ̀ ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ní 1977, òun náà sì ni wọ́n fi ṣe alága àkọ́kọ́ nígbà tí ìjọba àpapọ̀ dá àjọ tirẹ̀ sílẹ̀ ní 1988. Òdiwọ̀n eré sì wà lákọsílẹ̀: 50 nínú ìlú fún ọkọ̀ aládàáni, 100 lórí òpópónà márosẹ̀; 90 fún takisí àti ọkọ̀ èrò lórí òpópónà kan náà, 60 fún tírélà àti ọkọ̀ agbépo. Ní oṣù kẹwàá 2016 wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi dandan lé e pé kí gbogbo ọkọ̀ akérò ní ẹ̀rọ tí kì í jẹ́ kí eré kọjá òdiwọ̀n. Gbogbo èyí dára. Ṣùgbọ́n ẹ ṣí ìwé ìtanràn wò, iye tí ẹ ó bá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹni tí ó bá sáré kọjá òdiwọ̀n ni ₦3,000. Ilé tí a fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o. Géńdé ọkùnrin tí ó gun jíìpù olówó iyebíye, tí ó ń fi fóònù ya ọwọ́ aago eré rẹ̀ lórí 200 kí àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ lè rí i, yóò san ₦3,000 láti inú àpò tí ó ń kó ṣéńjì sí, kò sì ní rántí rẹ̀ mọ́ kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú.

Ní ilẹ̀ Fínlándì, owó tí ń wọlé fún arúfin ni wọ́n fi ń díwọ̀n ìtanràn eré tí ó bá le. Ní 2023, ọlọ́rọ̀ kan ní erékùṣù Åland sá 82 níbi tí òdiwọ̀n ti jẹ́ 50. 121,000 yúrò ni wọ́n ní kí ó san. Ohun tí ó dun tálákà ni wọ́n fẹ́ kí ó dun olówó, kí owó má baà di ìwé àṣẹ láti pa ènìyàn. Ní ilẹ̀ Swítsálándì, láti 2013, ẹni tí ó bá sá 100 nínú ìlú níbi tí òdiwọ̀n ti jẹ́ 50 ti kúrò ní ẹni tí a ń gba owó lọ́wọ́ rẹ̀ nìkan: ẹ̀wọ̀n tí ó lè tó ọdún 4 wà níwájú rẹ̀, ìjọba sì lè gba ọkọ̀ náà kí wọ́n tà á. Irú ìyà báyìí ni ó ń lé ènìyàn.

Àwọn kan yóò bi mí pé Jámánì ńkọ́, níbi tí apá kan nínú àwọn òpópónà wọn kò ti ní òdiwọ̀n rárá? N kò ní pẹ́ lórí ìyẹn. Ní Jámánì kan náà, àwọn méjì fi ọkọ̀ díje ní àárín ìlú Berlin lóru ọjọ́ kan ní oṣù kejì 2016, wọ́n sá ju 160 lọ, wọ́n sì pa bàbá ẹni ọdún 69 kan tí iná ojú ọ̀nà fún láyè láti kọjá. Ẹjọ́ ìpànìyàn ni ilé ẹjọ́ dá fún ọ̀kan nínú wọn, ẹ̀wọ̀n gbére ni wọ́n sì fi í sí. Ẹni tí ó bá fẹ́ ọ̀nà Jámánì kí ó gba ẹ̀wọ̀n Jámánì mọ́ ọn.

Ọ̀rọ̀ dírẹ́bà ọkọ̀ èrò ni mo lè fi ọwọ́ rọra mú díẹ̀, nítorí pé òun nìkan ni ó ní nǹkan tí ń lé e ní tòótọ́. Owó ọlọ́kọ̀ wà lọ́rùn rẹ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́, owó gáréèjì wà níbẹ̀, iye ìgbà tí ó bá sì lọ tí ó bọ̀ lóòjọ́ ni ó máa fi mọ̀ bóyá nǹkan yóò ṣẹ́kù délé fún ìyàwó àti ọmọ. Èyí kò dá a láre, ṣùgbọ́n ó fi hàn mí pé ọ̀daràn kejì wà nílé tí ó ń ka owó: bí òfin bá mú dírẹ́bà, kí ó mú ọlọ́kọ̀ tí ó bu iye tí kò ṣeé pa láìsáré lé e lórí.

Ohun tí ó wá gbé mi lọ́kàn jù nínú ìrìn àjò náà kì í ṣe ti dírẹ́bà mọ́. Àwọn àgbà ní, àìtètè mólè, olè ń mólóko. Nítorí pé a kò tètè mú asáré, asáré ti ń mú wa. Ẹni tí ó bá fi 100 rìn lórí òpópónà lónìí ni wọ́n ń fọn fèrè sí, òun ni wọ́n ń tan iná sí lẹ́yìn ọrùn, òun ni wọ́n ń bú pé kí ó lọ ra kẹ̀kẹ́. Ìyá àgbà tí ó ní "rọra" ni ó di ẹni ìtìjú nínú ọkọ̀ tí ó san owó rẹ̀ wọ̀. Èrò tí ó kún ọkọ̀ náà, kò sí ẹni tí ó gbè é lẹ́yìn. Wọ́n ń rẹ́rìn-ín, ikú ń fi 130 gbé wọn lọ. Mo sì ti rí i ní ojúkòójú pé dírẹ́bà náà mọ 80. Ó mọ̀ ọ́n dáadáa, ó rìn ín láìsí wàhálà nígbà tí ó ti rí ẹni tí ó lè mú un.

Nítorí náà, ẹ̀yin aṣòfin wa ní Àbújá, ẹ pa ₦3,000 rẹ́. Ẹ fi ìtanràn sí ìwọ̀n owó tí ń wọlé fún ẹni tí ó rúfin, ẹ gba ìwé àṣẹ ìwakọ̀ lọ́wọ́ ẹni tí ó bá tún un ṣe, ẹ sì fi ẹ̀wọ̀n sí iwájú ẹni tí ó bá sá ìlọ́po méjì òdiwọ̀n. Ẹ̀yin ọlọ́kọ̀, ẹ dín owó tí ẹ ń bù lé dírẹ́bà lórí kù. Ẹ̀yin èrò ọkọ̀, bí ọwọ́ aago eré bá ti kọjá 90 nínú ọkọ̀ tí ẹ wọ̀, ẹ fọhùn, kí gbogbo yín sì jọ fọhùn. Bí dírẹ́bà bá kọ̀, ẹ wo nọ́ńbà ọkọ̀ náà, kí ẹ sì pe àwọn ẹ̀ṣọ́ ojú pópó lórí 122. Wọn kì í gba owó lórí ìpè náà.