Kọ̀ǹpútà àtijọ́ ṣì ń mówó wọlé, ọmọ Ìbàràpá náà lè jẹ níbẹ̀

Tí wọ́n bá ní àgbàlagbà kan nílùú Ọba jókòó síwájú kọ̀ǹpútà tó ti lé lógójì ọdún, tó ń wá bí òun ṣe máa rí géèmù ìgbà èwe òun gbá lórí ẹ̀, ẹ̀rín ni ọ̀pọ̀ èèyàn máa kọ́kọ́ rín. Wọ́n á ní ẹni tí kò níṣẹ́ ṣe ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Àmọ́ ẹni tó bá mọ ohun tó ń jẹ́ òwò kò ní í rẹ́rìn-ín rárá. Ohun tí èèyàn bá ń fẹ́ débi tó fi ń ná owó àti àkókò lé e lórí, ọjà ni. Ọjà yìí sì wà lára ìwọ̀nba díẹ̀ tí ọmọ Lánlátẹ̀ tó ní kọ̀ǹpútà tòkunbọ̀ kan lè wọ̀ láì jẹ́ pé ó kọ́kọ́ lọ yá owó ní báńkì.

Ibi tọ́rọ̀ náà ti bẹ̀rẹ̀ nìyí. Lọ́dún 1978 ni ilé iṣẹ́ Taito ní Jàpáàn gbé géèmù Space Invaders jáde, nígbà tó sì di 1980, Namco gbé Pac-Man tiwọn jáde. Ẹ̀rọ gàgàrà bíi kọ́bọ́ọ̀dù ni wọ́n, ilé ọtí àti ilé ìṣeré ni wọ́n ń gbé wọn sí. Ẹni tó bá fẹ́ ṣeré á ju owó-ẹyọ sínú ihò ara ẹ̀rọ náà, tó bá ti fìdí rẹmi, àfi kó tún ju òmíràn. Ọgbọ́n òwò tó wà nínú ẹ̀ kò lọ́jú pọ̀: géèmù náà gbọ́dọ̀ rọrùn láti bẹ̀rẹ̀, ó sì gbọ́dọ̀ ṣòro láti parí, kí owó lè máa wọlé láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀ síra wọn.

Ẹnikẹ́ni tó bá ti wọ ṣọ́ọ̀bù géèmù rí nílẹ̀ Yorùbá mọ ọgbọ́n yìí dáadáa. Sega àti Nintendo ni wọ́n kọ́kọ́ ń lò níbẹ̀, kó tó di pé PlayStation dé. Ẹni tí wọ́n bá nà á dìde, ẹni tó bá nà á jókòó, onísọ̀ọ̀bù á sì máa gbowó lọ́wọ́ ẹni tó kàn. Owó oúnjẹ ọ̀sán mélòó ni kò bá ibẹ̀ lọ! Àwọn ìyá tó fi pàṣán wá ọmọ wọn dé ibẹ̀ kò tíì gbàgbé.

Lẹ́yìn tí àwọn géèmù olówó-ẹyọ yìí ti gbilẹ̀ tán lókè òkun ni kọ̀ǹpútà inú ilé dé. Lọ́dún 1982, ilé iṣẹ́ Sinclair nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbé ZX Spectrum jáde, owó pọ́n-ùn 125 ni wọ́n ń ta èyí tó kéré, 175 ni wọ́n ń ta èyí tó tóbi. Lọ́dún yẹn kan náà ni Commodore 64 jáde ní Amẹ́ríkà, ní dọ́là 595. Nọ́ńbà 64 tó wà lára orúkọ ẹ̀, iye kílóbáìtì mẹ́mórì ẹ̀ ni. Àwòrán ẹyọ kan tí fóònù òde òní bá yà lè gba ìlọ́po ogójì àyè tó wà nínú kọ̀ǹpútà náà pátá. Síbẹ̀, ohun tí àwọn tó rà á ń béèrè kò ju ẹyọ kan lọ: kí géèmù tí wọ́n ń ju owó-ẹyọ sí níta wá bá wọn nínú ilé.

Ìfẹ́ ọkàn wọn yìí ni àwọn ilé iṣẹ́ kan sáré tà fún wọn láì ṣe é dáadáa. Atari ni àpẹẹrẹ tó lókìkí jù. Ẹ̀rọ tí wọ́n ń so mọ́ tẹlifíṣàn, tí mẹ́mórì ẹ̀ kò ju báìtì 128 lọ, ni wọ́n fẹ́ kó gbé Pac-Man lọ́dún 1982. Wọ́n tà á ní mílíọ̀nù mílíọ̀nù lóòótọ́, àmọ́ àwòrán tó ń ṣẹ́jú, tí kò sì jọ ti òde, ni àwọn oníbàárà bá nínú ẹ̀, inú sì bí wọn. Nígbà tó di ọdún 1983, gbogbo ọjà géèmù Amẹ́ríkà dojú dé, Atari wá kó ọjà tí kò tà lọ rì mọ́lẹ̀ ní Alamogordo, ní ìpínlẹ̀ New Mexico. Ọdún 2014 ni wọ́n lọ hú díẹ̀ nínú ẹ̀ jáde. Kì í ṣe pé àwọn èèyàn kò fẹ́ Pac-Man mọ́, ayédèrú ohun tí wọ́n fẹ́ ni wọ́n gbé lé wọn lọ́wọ́.

Ìdí nìyẹn tí àwọn tó ní kọ̀ǹpútà àtijọ́ náà fi ń ka orúkọ títí dòní, géèmù yìí kò dé orí tiwa rí, géèmù tọ̀hún dé àmọ́ kò jọ ti òde. Àwọn kan nínú wọn kò sì dúró de ilé iṣẹ́ kankan mọ́, wọ́n jókòó ti ètò náà fúnra wọn, iṣẹ́ tí wọ́n sì ń ṣe lórí ẹ̀rọ tí kò yí padà yìí dára ju èyí tí àwọn ilé iṣẹ́ ńlá ṣe ní 1983 lọ. Ohun tó yí padà ni ìmọ̀ àti sùúrù àwọn tó ń kọ ètò náà. Àwọn ilé iṣẹ́ náà ti gbọ́ òórùn owó níbẹ̀. Nígbà tí Nintendo ṣe ẹ̀dà kékeré ẹ̀rọ géèmù wọn àtijọ́ lọ́dún 2016, 2.3 mílíọ̀nù ni wọ́n tà láàárín oṣù díẹ̀ kí wọ́n tó dá a dúró, àwọn tí kò rí i rà sì pọ̀. Ọdún 2018 ni ẹ̀dà kékeré Commodore 64 náà jáde. Ìwádìí kan tí wọ́n ṣe ní Amẹ́ríkà lọ́dún 2023 sì fi hàn pé nínú ọgọ́rùn-ún géèmù àtijọ́ tó jáde lọ́hùn-ún kí ọdún 2010 tó dé, 87 ni kò sí lórí àtẹ ẹnikẹ́ni mọ́. Oníbàárà wà, ọjà ni kò sí.

Ìtàn kan tún wà tó yẹ kí oníṣòwò fetí sí. Ẹ̀ka Nintendo ní Amẹ́ríkà kó ẹ̀rọ géèmù kan tó ń jẹ́ Radar Scope wọlé, 3,000 ni iye ẹ̀, nǹkan bí 1,000 péré ló tà. Ìyókù jókòó sílé ìkẹ́rùsí, gbèsè sì ń bọ̀. Dípò kí wọ́n fọ́ wọn, wọ́n ní kí ọ̀dọ́kùnrin kan, Shigeru Miyamoto, ronú géèmù tuntun tó máa wọ inú àpótí kan náà. Donkey Kong ló bí lọ́dún 1981. Pákó yẹn náà ni, gíláàsì yẹn náà ni, àmọ́ àwọn èèyàn wá ń tò láti ju owó sínú ohun tí wọn kò fẹ́ fojú rí tẹ́lẹ̀.

Lánlátẹ̀ gan-an mọ̀ nípa ẹ̀rọ tó jókòó kalẹ̀. Ìlú yìí ni wọ́n kọ́ ibùdó sátẹ́láìtì àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà sí, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lọ́dún 1971. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ìpè láti òkè òkun àti àwòrán tẹlifíṣàn láti ìdálẹ̀ ń gba orí ilẹ̀ Ìbàràpá kọjá kó tó dé Èkó. Ibùdó náà bọ́ sọ́wọ́ NITEL nígbà tí wọ́n dá ilé iṣẹ́ náà sílẹ̀ lọ́dún 1985, nígbà tí NITEL fúnra ẹ̀ sì dákú, òun náà dákẹ́. Òótọ́ ni pé okùn abẹ́ òkun ti gba ọ̀pọ̀ iṣẹ́ lọ́wọ́ sátẹ́láìtì, kò sẹ́ni tó lè ní kí wọ́n máa lo ẹ̀rọ 1971 títí ayé. Àmọ́ ó ṣòro láti tọ́ka sí òwò kan tàbí iṣẹ́ ọwọ́ kan nílùú náà lónìí tó jẹ́ ọmọ bíbí inú ibùdó yẹn. Ẹ̀rọ dé, ẹ̀rọ lọ, ìmọ̀ ẹ̀ kò sì kù sílé. Ohun tí kò gbọ́dọ̀ tún ṣẹlẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà nìyẹn.

Kí ni ọmọ Lánlátẹ̀ wá lè ṣe? Lákọ̀ọ́kọ́, kí ẹnikẹ́ni má lọ kó kọ̀ǹpútà ọdún 1982 wọlé o. Irin àlòkù tó ń bàjẹ́ ni ọ̀pọ̀ nínú wọn, ìdọ̀tí kọ̀ǹpútà tó wà nílẹ̀ yìí ti tó. Kò tilẹ̀ pọn dandan láti ní Commodore 64 kí èèyàn tó kọ géèmù fún un. Ètò kan wà tó ń jẹ́ VICE, ọ̀fẹ́ ni, ó máa ń sọ kọ̀ǹpútà òde òní di Commodore 64, kódà tòkunbọ̀ tí kò lágbára púpọ̀ á gbé e. Ẹni tó bá fi kọ géèmù tán lè tà á lórí íntánẹ́ẹ̀tì fún àwọn tí ẹ̀rọ náà wà nílé wọn ní Jámánì tàbí Amẹ́ríkà. Gbígba owó láti òkè òkun ní wàhálà tiẹ̀ lóòótọ́, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe owó tí èèyàn máa fi kọ́lé lọ́dún kan. Èrè tó pọ̀ jù níbẹ̀ ni pé ẹni tó bá lè fi kílóbáìtì 64 ṣe géèmù tó dùn, kò sí fóònù olówó pọ́ọ́kú tí iṣẹ́ ẹ̀ kò ní í wọ̀. Níbi tí iná kì í dúró, tí dátà sì wọ́n, géèmù tó fúyẹ́ ló bá oníbàárà mu.

Àwọn ọmọ Nàìjíríà ti ṣe é rí. Abiọ́lá Ọláníran, tó kàwé ní Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, dá Gamsole sílẹ̀ lọ́dún 2012, àwọn géèmù kéékèèké tó ṣe fún fóònù Windows sì dé orí fóònù ní mílíọ̀nù mílíọ̀nù ìgbà. Ọdún yẹn náà ni Maliyo bẹ̀rẹ̀ l'Ékòó. Àmọ́ nígbà tí ọdún 2019 máa fi parí, Microsoft ti ìsọ̀ fóònù Windows 8.1 pa, ẹni tí kò bá sì ti ní géèmù ibẹ̀ lọ́wọ́ kò ríbi gbà á mọ́. Kò tíì pé ọdún mẹ́wàá tí wọ́n jáde tí ìyẹn fi ṣẹlẹ̀. Pac-Man ti lé lógójì ọdún, ọmọ ọlọ́mọ ṣì ń tọ́jú ẹ̀. Ta ló ń tọ́jú tiwa? Tí ọmọ tó gbá wọn nígbà náà bá di àgbà, tó wá ń wá géèmù ìgbà èwe ẹ̀, ọwọ́ ta ló máa ti rí i rà?

Ìkìlọ̀ kan wà tí kò ṣeé fò. Géèmù olówó-ẹyọ wọ̀nyẹn ní olówó, ẹni tó bá ń dà wọ́n kọ sórí fíláàṣì tó ń tà wọ́n, olè ló ń jà, òfin ẹ̀tọ́ oníṣẹ́-ọpọlọ tí ààrẹ buwọ́ lù lóṣù kẹta ọdún 2023 sì kan ètò kọ̀ǹpútà. Àmọ́ ta ló lè sọ pé òun ló ni ayò ọlọ́pọ́n? Ihò méjìlá, ọmọ ayò méjìdínláàádọ́ta, ọ̀tá àti ọ̀pẹ, ó rọrùn láti bẹ̀rẹ̀, ó sì le láti mọ̀ délẹ̀, bí wọ́n ṣe ń fẹ́ géèmù olówó-ẹyọ gan-an. Àwọn òyìnbó kò fojú kéré irú ẹ̀. Lọ́dún 2002, John Romein àti Henri Bal ní yunifásítì kan ní Amsterdam fi kọ̀ǹpútà ṣírò gbogbo bí ìbátan ayò kan tó ń jẹ́ awari ṣe lè rí, ó lé ní bílíọ̀nù 889, wọ́n sì rí i pé tí àwọn méjèèjì bá ta á láì ṣàṣìṣe, ọ̀mì ni wọ́n máa ta. Wọ́n nílò kọ̀ǹpútà rẹpẹtẹ fún ìyẹn o, àmọ́ ayò tí èèyàn lè bá kọ̀ǹpútà ta fún ìgbádùn kò ní í gba ìdajì mẹ́mórì Commodore 64.

Ilé ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ wà ní Lánlátẹ̀, pọ́lì Adéṣeun Ògúndóyìn wà l'Érúwà, ilé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀ àti ìmọ̀ ẹ̀rọ tìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ wà n'Ígbó-Ọrà. Kò sí èyí tó jìnnà jù síra wọn débi tí wọn kò fi lè para pọ̀ ṣe ìdíje kan nígbà ọlidé: géèmù tí kò ju kílóbáìtì 64 lọ, ọmọ Ìbàràpá ni kó kọ ọ́, kí àwọn onísọ̀ọ̀bù géèmù sì jẹ́ kí àwọn ọmọdé gbá a wò, torí àwọn ni adájọ́ tí kì í gba rìbá. Owó PlayStation 5 tuntun kan ṣoṣo, kọ̀ǹpútà alágbèéká tòkunbọ̀ tó máa rà ju ẹyọ kan lọ. Onísọ̀ọ̀bù tó ń ronú àtipààrọ̀ ẹ̀rọ ẹ̀ lọ́dún tó ń bọ̀ lè kọ́kọ́ ṣe ìṣirò yẹn.