Gbohùngbohùn Kì í Ṣe Aṣọ Ọdún

Ẹ̀yin olólùfẹ́ orin, ọ̀rọ̀ kan ń ká mi lára, n ó sì sọ ọ́ bí ó ti rí. Láàrin àwọn tí ó fẹ́ràn láti máa gbọ́ orin nínú ilé, ìbáà jẹ́ ní Lọ́ńdọ̀nù, ìbáà jẹ́ ní Amẹ́ríkà, ìbáà sì jẹ́ lọ́dọ̀ wa níhìn-ín, ìgbàgbọ́ kan ti fẹsẹ̀ múlẹ̀ pé ẹni tí ó bá mọ iyì ohùn kò gbọdọ̀ lo gbohùngbohùn kan, èyí tí tẹrú-tọmọ ń pè ní sípíkà, ju ọdún méjì tàbí mẹ́ta lọ kí ó tó pààrọ̀ rẹ̀. Bí tuntun bá ti jáde, ti àná di àkísà. Ẹni tí ó bá ṣì ń lo èyí tí bàbá rẹ̀ rà, ojú ará oko ni wọ́n fi ń wò ó. Èmi kò gbà. N kò tilẹ̀ pe ọ̀rọ̀ náà ní àṣìṣe; irọ́ ni mo pè é, irọ́ tí ó sì ń já owó gbà lọ́wọ́ ènìyàn.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ tú àpótí náà wò. Ní ọdún 1925 ni Chester Rice àti Edward Kellogg, onímọ̀ ẹ̀rọ méjì ní iléeṣẹ́ General Electric ní Amẹ́ríkà, fi irú sípíkà tí ó wá gba ayé kan han àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn: wáyà wíwé kan tí ó wà láàrin òòfà, tí a lẹ̀ mọ́ bébà tí ó rí bí àrọ. Bí iná orin bá ń gba inú wáyà náà kọjá, yóò máa ti bébà síwá sẹ́yìn, bébà yóò máa ti afẹ́fẹ́, afẹ́fẹ́ yóò sì kan etí wa. Ọ̀nà yìí kan náà ni èyí tí ó pọ̀ jù nínú àwọn tí wọ́n ń tà lónìí ṣì ń tọ̀. Ó dára. Èwo nínú àwọn ohun wọ̀nyí ni ọdún mẹ́ta lè sọ di aláìwúlò? Òòfà ni bí? Òòfà kì í kú bọ̀rọ̀. Pákó ni? Bí ikán kò bá dé ibẹ̀, yóò bá ọmọ ọmọ ẹni. Bébà ni? Kí eku má ṣáà jẹ ẹ́, kí òjò má sì pa á.

Ibi tí àìsàn ti sábà máa ń wọlé ni etí bébà náà, níbi tí òrùka fóòmù ti so ó mọ́ irin. Fóòmù kì í ní ẹ̀mí gígùn. Afẹ́fẹ́ fúnra rẹ̀ ń jẹ ẹ́, ooru àti ọ̀rinrin sì ń ran afẹ́fẹ́ lọ́wọ́, tí ó fi jẹ́ pé láàrin ọdún 10 sí 20, bí ìka bá kàn án, yóò rún wómúwómú. Ní ilẹ̀ olóoru bí tiwa, ẹni tí tirẹ̀ bá pé ogún ọdún kí ó dúpẹ́. Èyí tí wọ́n fi rọ́bà tàbí aṣọ ṣe etí rẹ̀ a máa pẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Kapásítọ̀ olómi tí ó wà nínú àpótí náà a sì máa gbẹ bí ọdún ti ń gorí ọdún. Ṣùgbọ́n gbogbo ìwọ̀nyí ni a lè yọ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan kí a fi òmíràn rọ́pò wọn. Ẹni tí ọrùn ẹ̀wù rẹ̀ bá gbó, ṣé ó ń ti iná bọ ẹ̀wù náà ni?

Bí ó bá jẹ́ pé ọdún mẹ́ta ni ẹ̀mí sípíkà, kí ni a ó ti wí nípa iṣẹ́ Paul Klipsch? Ní ọdún 1946 ni ó dá iléeṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ ní ìlú Hope ní ìpínlẹ̀ Arkansas, tí ó ń ṣe sípíkà ńlá tí ó pè ní Klipschorn. Wọ́n ṣì ń ṣe Klipschorn títí di òní. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Quad gbé èyí tí kò ní bébà, tí kò sì ní òòfà jáde ní ọdún 1957. Awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan ni agbára iná ń mì nínú rẹ̀. Ó lé ní ọdún 25 tí wọ́n fi ń tà á, àwọn tí ó ní in sì ń tún un ṣe, wọ́n ń gbọ́ orin lọ. Àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ BBC náà ṣe LS3/5A ní àwọn ọdún 1970, kí òṣìṣẹ́ wọn lè máa fi yẹ ohùn wò nínú ọkọ̀ tí wọ́n fi ń ṣètò láti ìta. Kò fi bẹ́ẹ̀ tóbi ju páálí bàtà lọ. Lónìí, àwọn ènìyàn ń wá èyí tí ó ti lé ní ogójì ọdún kiri bí ẹni ń wá wúrà. Yamaha NS-10 ńkọ́, tí ó jáde ní 1978? Iléeṣẹ́ tí ń gba orin sílẹ̀ káàkiri ayé ni ó gbà á tọwọ́-tẹsẹ̀, nígbà tí wọ́n sì ṣíwọ́ rẹ̀ ní 2001, kì í ṣe pé etí ènìyàn kọ̀ ọ́. Irú igi tí wọ́n fi ń ṣe bébà rẹ̀ ni wọn kò rí mọ́.

Kí ló wá dé tí ẹni tí ó ra tuntun fi ń búra pé òun gbọ́ ìyàtọ̀? N kò pè é ní òpùrọ́. Ó gbọ́ ọ. Ṣùgbọ́n ojú ni ó fi gbọ́ ọ. Ní ọdún 1994, Floyd Toole àti Sean Olive, tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ ní iléeṣẹ́ Harman ní Amẹ́ríkà (iléeṣẹ́ tí ó ni JBL, ẹ kíyè sí i, kì í ṣe ọ̀tá oníṣòwò) tẹ àbájáde ìwádìí kan jáde. Wọ́n gbé sípíkà mẹ́rin síwájú àwọn òṣìṣẹ́ iléeṣẹ́ náà. Ní ìgbà kan wọ́n fi aṣọ bò wọ́n, ní ìgbà kejì wọ́n ká aṣọ kúrò. Nígbà tí ojú rí ohun tí ó ń kọrin, máàkì yí padà: àwọn ńláńlá olówó gọbọi gòkè, kékeré aláìníyì já wálẹ̀. Èyí tí ó sì dùn mí jù lọ nínú ìtàn náà ni pé nígbà tí ojú wọn là, etí wọn kò fi bẹ́ẹ̀ mọ ìyàtọ̀ mọ́ nígbà tí wọ́n sún sípíkà kan náà láti ibì kan sí ibòmíràn nínú yàrá. Ojú gba iṣẹ́ etí ṣe.

Yàrá yìí gan-an ni ó sì ni ẹjọ́ tí a ń dá fún sípíkà. Ohùn bàásì tí ó ń mì ní ìgbà 50 láàrin ìṣẹ́jú-àáyá kan, gígùn ìgbì rẹ̀ nínú afẹ́fẹ́ tó mítà 7. Bí yàrá bá gùn ní mítà mẹ́ta àti ààbọ̀, bí ọ̀pọ̀ yàrá wa ti rí, ìdajì ìgbì náà ni ó bá a mu láti ògiri dé ògiri. Ohùn náà yóò kó jọ sí ẹ̀bá ògiri, yóò sì fẹ́rẹ̀ẹ́ pòórá ní àárín yàrá. Ẹni tí ó jókòó sí àárín yóò ní sípíkà òun kò ní bàásì. Ẹni tí ó fẹ̀yìn ti ògiri yóò ní bàásì tòun ti pọ̀ jù. Àwọn méjèèjì yóò sì mú ọ̀nà ọjà pọ̀n lọ ra òmíràn, bẹ́ẹ̀ àga ni ó yẹ kí wọ́n sún.

Ẹ tún wo àgbàlagbà tí ó ń ra twíítà nítorí pé wọ́n kọ ọ́ sí ara rẹ̀ pé ó ń mì dé ìgbà 40,000 ní ìṣẹ́jú-àáyá. Etí ọmọdé pàápàá kì í sábà kọjá 20,000. Ti àgbà ti fi ibẹ̀ sílẹ̀ tipẹ́. Ta ni ó rà á fún? Ajá ilé ni?

Àwọn kan a máa wí fún mi pé sípíkà àtijọ́ kò lè gbé orin Yorùbá jáde dáadáa, pé èdè wa jẹ́ èdè olóhùn, ìlù wa sì ń sọ̀rọ̀. Èmi tí mò ń kọ́ iṣẹ́ olùkọ́ èdè Yorùbá, ọ̀rọ̀ yìí kàn mí gbọ̀ngbọ̀n, n ó sì dá wọn lóhùn. Tẹlifóònù onírin ti àtijọ́ kì í gbé ohùn tí ó ń mì ní ohun tí kò tó ìgbà 300 ní ìṣẹ́jú-àáyá kọjá. Ìpìlẹ̀ ohùn ọkùnrin tí ó bá ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ kì í sì í sábà dé 200. Síbẹ̀, bí bàbá kan bá sọ lórí tẹlifóònù pé òun ra ọkọ́, kò sí ọmọ Yorùbá tí yóò gbọ́ ọ ní ọkọ̀. Láti inú ohùn òkè tí ó ṣẹ́ kù ni etí wa ti ń ṣe àwárí èyí tí ó sọnù. Bí tẹlifóònù lásán bá lè ṣe èyí, sípíkà wo ni kò ní lè ṣe é? Àwo Haruna Ìṣọ̀lá tàbí ti I. K. Dáíró tí wọ́n ṣe ní àwọn ọdún 1960, sípíkà ìgbà náà ni àwọn tí ó gbà wọ́n sílẹ̀ fi yẹ̀ wọ́n wò. Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ̀ bóyá sípíkà rẹ̀ dára, kí ó fi ìlù dùndún sí i, kí ó gbọ́ ohun tí ìyáàlù wí. Bí ó bá gbọ́ ọ ní kedere láìsí pé gúdúgúdú ń bò ó mọ́lẹ̀, kí ni ó tún ń wá?

“Owó tiwa ni a ń ná,” ni wọ́n máa ń wí. Bẹ́ẹ̀ ni, owó yín ni. Nígbà tí owó Udoji dé ní 1975, owó ara wọn ni àwọn òṣìṣẹ́ fi ra ẹ̀rọ orin pẹ̀lú, ṣùgbọ́n wọn kò tún padà lọ ra òmíràn ní 1977. Ẹ̀rọ tí ẹ jù sílẹ̀ kò sì pòórá. Ìwádìí tí wọ́n ṣe ní èbúté Èkó ní 2015 àti 2016 fi hàn pé nǹkan bí 60,000 tọ́ọ̀nù ẹ̀rọ oníná àlòkù ni ó ń wọlé lọ́dọọdún, èyí tí ó pọ̀ jù sì wà nínú ikùn ọkọ̀ tòkunbọ̀. Ohun tí ará òkè òkun pè ní àkísà ni a ń ná ní ọjà Alába, èyí tí kò bá sì ṣeé tà mọ́, ilẹ̀ wa ni ó ń sùn sí.

Ẹ ò rí ibi tí ìwà yìí ń gbé wa lọ? Ní òpin ọdún 2019, iléeṣẹ́ Sonos ní Amẹ́ríkà ń fi ẹ̀dínwó 30 nínú ọgọ́rùn-ún lọ àwọn tí ó ní ẹ̀rọ wọn àtijọ́, kí wọ́n lè ra tuntun. Kí ni wọ́n ní kí ènìyàn ṣe? Kí ó pa àṣẹ kan fún ẹ̀rọ tí ó wà lọ́wọ́ rẹ̀, kí ó bẹ̀rẹ̀ sí í ka ọjọ́ 21, lẹ́yìn náà kí ó kú pátápátá, tí ẹlòmíràn kò fi ní lè lò ó mọ́. Ẹ̀rọ tí ara rẹ̀ le koko! Ariwo àwọn ènìyàn ni ó mú kí wọ́n pa ètò náà tì ní oṣù kẹta ọdún 2020. Bí a bá gbà pé ọdún mélòó kan péré ni ẹ̀mí sípíkà, àwa ni a kọ́ oníṣòwò ní irú ìwà ìpànìyàn bẹ́ẹ̀ sí ẹ̀rọ.

N kò ní kí ẹnikẹ́ni má ra sípíkà mọ́. Àpótí oníke alágbèéká tí wọ́n di bátìrì mọ́ inú rẹ̀, bí bátìrì bá kú, ó di dandan fún ọ̀pọ̀lọpọ̀. Èyí tí wáyà rẹ̀ jóná ráúráú ńkọ́? Kí a pààrọ̀ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí twíítà rẹ̀ ń jóná lọ́dọọdún, kí ó wo áńpílífáyà kékeré tí ó ń yí dé òpin títí ohùn yóò fi máa fọ́. Ìfọ́ ohùn náà ni ó ń sun wáyà tín-ínrín inú twíítà, yóò sì sun ti tuntun bákan náà.

Wọn yóò tún ní kò sí ẹni tí ó mọ̀ ọ́n tún ṣe mọ́. Àwọn atúnrédíòṣe wà, iṣẹ́ náà kò sì gba ju ọ̀sán kan lọ. Wọn yóò ha fóòmù tí ó ti jẹrà kúrò, wọn yóò fi sípírítì nu gọ́ọ̀mù àtijọ́ nù, wọn yóò lẹ òrùka tuntun mọ́ bébà, lẹ́yìn náà mọ́ irin. Ibi tí ọgbọ́n wà ni kí wáyà wíwé náà wà ní àárín gẹ́lẹ́ láìfara kan òòfà. Wọn yóò fi ìka tẹ bébà náà jẹ́jẹ́, wọn yóò dẹtí sí i. Bí ó bá ń họ, wọn yóò sún un díẹ̀. Bí kò bá họ mọ́, wọn yóò fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì kí gọ́ọ̀mù gbẹ, kí wọ́n tó fi orin sí i.