Ẹ yé fọwọ́ kọ iye owó ọjà sójú ìkànnì yín mọ́

Mo fẹ́ ra ẹ̀rọ ìlọta fún màmá mi lọ́jọ́ kan, mo bá lọ sórí ìkànnì ayélujára ọlọ́jà kan ní Ìbàdàn. Lójú ewé àkọ́kọ́, ₦38,000 ni wọ́n kọ sábẹ́ àwòrán rẹ̀. Mo tẹ àwòrán náà, ojú ewé mìíràn ṣí, ó di ₦61,000. Nígbà tí mo pe nọ́ńbà tí wọ́n kọ síbẹ̀, ọ̀gá tó ni ṣọ́ọ̀bù ló gbé e. Wọ́n ní kí n má bínú, pé ọmọkùnrin tó bá àwọn ṣe ìkànnì náà ti kó lọ sí Àbújá, àwọn ò sì mọ bí wọ́n ṣe ń yí i padà. Mi ò rà á. Ọ̀dọ̀ ẹlòmíì ni owó yẹn gbà lọ.

Ọ̀rọ̀ náà sì kọjá ìtìjú o. Òfin tó ń dáàbò bo oníbàárà ní Nàìjíríà, èyí tí wọ́n ṣe lọ́dún 2018, sọ pé ọlọ́jà kò gbọdọ̀ gbà ju iye tó gbé síta lọ. Bó bá jẹ́ iye méjì ló gbé síta lẹ́ẹ̀kan náà, èyí tó kéré jù ló gbọ́dọ̀ gbà. Ká ní mo fẹ́ ṣe àgídí ni, ₦23,000 ni ọ̀gá yẹn ì bá pàdánù lórí ẹ̀rọ kan ṣoṣo. Ta ni kò sì mọ̀ pé láti oṣù kẹfà ọdún 2023, tí Báńkì Àpapọ̀ ilẹ̀ wa ti tú okùn ọrùn náírà, owó ọjà kì í fi bẹ́ẹ̀ dúró sójú kan mọ́?

Ohun tó fa wàhálà náà kò fara sin. Ọmọkùnrin yẹn fọwọ́ tẹ iye owó sínú ojú ewé kọ̀ọ̀kan ni. Bí ọjà bá jẹ́ ọgọ́rùn-ún, tí iye ọ̀kọ̀ọ̀kan sì fara hàn níbi mẹ́ta, ọ̀ọ́dúnrún ibi ni ẹ máa yí padà lọ́jọ́ tí dọ́là bá gbéra. Ta ló ráyè ìyẹn?

Iṣẹ́ ìròyìn ni mo kà ní yunifásítì, kì í ṣe kọ̀ǹpútà, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe yé mi. Ẹ wo ìwé rìsíìtì tó wà lórí tábìlì yín. Orúkọ ṣọ́ọ̀bù, àdírẹ́sì àti ìlà ti wà níbẹ̀ láti ọ̀dọ̀ àwọn onítẹ̀wé. Àyè tó ṣófo lẹ̀ ń kọ orúkọ ọjà àti iye rẹ̀ sí. Ohun tí àwọn onímọ̀ kọ̀ǹpútà ń pè ní tẹ́ńpléètì kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Dátábéèsì ní tiẹ̀ dà bí ìwé ńlá tí ẹ ń kọ ọjà inú ṣọ́ọ̀bù sí: ìlà kan fún ọjà kan, orúkọ rẹ̀, iye owó rẹ̀, mélòó ló ṣẹ́ kù. Bí oníbàárà bá ṣí ìkànnì yín, ìkànnì á béèrè lọ́wọ́ dátábéèsì pé, "Kó gbogbo ẹ̀rọ ìlọta tó ṣì wà nílẹ̀ wá, kí èyí tí owó rẹ̀ kéré jù ṣáájú." Ìlà tó bá jáde, ì báà jẹ́ mẹ́ta, ì báà jẹ́ ọgbọ̀n, tẹ́ńpléètì á mú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, á fi wọ́n dí àyè tó ṣófo, títí wọn á fi tán. Ẹ̀yin á yí iye owó padà níbì kan ṣoṣo, gbogbo ojú ewé á sì gbọ́.

Kì í ṣe nǹkan tuntun. Lọ́dún 1995 ni PHP àti MySQL jáde, àwọn méjèèjì ṣì ń ṣe irú iṣẹ́ yìí káàkiri ayé. Àwa oníwèé ìròyìn pàápàá lọ́wọ́ sí i (ẹ jẹ́ ká yangàn díẹ̀): iléeṣẹ́ ìwé ìròyìn kan nílùú Lawrence, ní ìpínlẹ̀ Kansas ní Amẹ́ríkà, ni wọ́n ti ṣe Django, tí wọ́n sì gbé e síta lọ́fẹ̀ẹ́ lọ́dún 2005. WordPress ti wà láti 2003, WooCommerce tí wọ́n fi ń tajà lórí rẹ̀ dé lọ́dún 2011, wọn kì í sì í gbowó lórí èyíkéyìí nínú wọn. Nítorí náà, ẹni tó bá sọ fún yín pé dátábéèsì ló mú kí iṣẹ́ òun wọ́n gógó, ẹ ní kó tún un sọ.

Àmọ́ níní dátábéèsì nìkan kò tó. Àwọn kan máa ń kọ iye owó síbẹ̀ bí ẹni kọ lẹ́tà, pẹ̀lú àmì náírà àti kọ́mà. Bí kọ̀ǹpútà bá wá fẹ́ tò ó, ₦12,000 á ṣáájú ₦9,500, nítorí pé 1 ṣáájú 9. Nọ́ńbà lásán ló yẹ kó wà nínú dátábéèsì. Tẹ́ńpléètì ni kó fi àmì náírà sí i. Bí ọjà tí oníbàárà ń wá kò bá sí, kí ojú ewé sọ bẹ́ẹ̀ fún un, kó má ṣófo bí ọjà alẹ́ tí òjò tú ká. Ẹ tún ní kó kọ "ẹ̀wà olóyin" sínú rẹ̀ kí ẹ rí i. Mo ti rí ibi tó ti di àmì ìbéèrè lásán, nítorí pé ẹni tó ṣe é kò ro ti lẹ́tà Yorùbá mọ́ ọn.

Èyí tó léwu jù ni ohun tí oníbàárà bá tẹ̀ sínú àpótí ìwákiri. Kò gbọdọ̀ di ara àṣẹ tí ìkànnì ń pa fún dátábéèsì, nítorí ibẹ̀ gan-an lolè ń gbà wọlé. Láti ọdún 1998 ni wọ́n ti kọ ọgbọ́n náà síta. Bí oníbàárà bá sì kọ ọ̀rọ̀ sábẹ́ ọjà, kí tẹ́ńpléètì gbé e jáde bí ọ̀rọ̀ lásán. Django ń ṣe ìyẹn fúnra rẹ̀. PHP lásán kì í ṣe é, àfi kí ẹni tó ń kọ ọ́ rántí.

Ọlọ́jà tó ní oríṣi ọjà márùn-ún péré, tí owó wọn kì í sì í yí padà, lè jókòó jẹ́ẹ́ pẹ̀lú ojú ewé tí wọ́n fọwọ́ kọ. Mi ò ní bá a jà.

Ẹ̀yin yòókù, kí ẹ tó san owó tó kù fún ẹni tó ń ṣe ìkànnì yín, ẹ ní kó jókòó tì yín. Ẹ̀yin fúnra yín ni kí ẹ yí iye owó ọjà kan padà, kó má fọwọ́ kàn án. Lẹ́yìn náà, ẹ mú fóònù yín, kí ẹ yẹ gbogbo ibi tí ọjà náà ti fara hàn wò. Ìkànnì mìíràn máa ń di ojú ewé àtijọ́ mú fún ìṣẹ́jú díẹ̀, kó sọ bó ṣe máa ń pẹ́ tó fún yín. Bí ìṣẹ́jú yẹn bá kọjá, tí iye àtijọ́ ṣì wà níbì kan, ẹ dá owó yín padà sápò.